Gàfárù A-kò-tíì-pínyà àti Àwo Talatu

Ọjọ́ tí Àbdùlgàfárù ará Pàkátà bá Òyìnbó ná ọpọ́n ìwẹ̀ títí ọkọ̀ ojú irin fi gbé e dé Ọ̀fà ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí o bá dé Ìlọrin tí o bèèrè Àbdùlgàfárù, wọn á bi ọ́ pé èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá bèèrè Gàfárù A-kò-tíì-pínyà, ẹni tí o bi á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni yóò mú ọ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Bí ó ṣe rí nìyí. Òyìnbó kan tí ó ń bójú tó iṣẹ́ ojú ọ̀nà ní Ìlọrin fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó sì lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo níwájú ilé. Wọ́n ra àga, wọ́n ra àtùpà, ẹnìkan tilẹ̀ ra fìlà tí ó le bí igbá. Ó wá ku ọpọ́n ìwẹ̀ Òyìnbó náà, ọpọ́n onípáànù ńlá tí àgbàlagbà lè jókòó sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí òun yóò fi ṣe. Gàfárù náà kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé kò sí ẹlòmíràn tí ó fẹ́ ẹ, ohun tí ẹlòmíràn kò bá sì fẹ́, Gàfárù fẹ́ ẹ ní ìdajì owó.

Òyìnbó ní ṣílè márùn-ún. Gàfárù ní ṣílè kan. Danjuma, ọmọ Gàmbàrí tí ó ń ṣe ògbufọ̀ fún Òyìnbó náà, túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ bọ̀, títí ètè rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà tí oòrùn yóò fi kàn wọ́n lórí, wọ́n ti dé ṣílè mẹ́ta, Òyìnbó sì bọ Gàfárù lọ́wọ́ pé ó ti parí. Gàfárù gbà. Ó yọ owó jáde. Ó wo ọpọ́n náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dá owó padà sápò.

"Kí ló tún dé, Bàbá?" Danjuma bi í.

"Kò sí nǹkan. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún un pé ìdí ọpọ́n náà tẹ̀ díẹ̀. Kí ó jẹ́ kí n san méjì."

"Háà! Ẹ ti gbà mẹ́ta! Ẹ ti bọ ọkùnrin yìí lọ́wọ́!"

"Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a kò tíì pínyà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà kò bá tíì pínyà, ọjà kò tíì parí. Ẹ̀sìn ló wí bẹ́ẹ̀."

Òyìnbó kò mọ̀ nípa ẹ̀sìn yìí. Ó ní kí wọ́n di ọpọ́n mọ́ àwọn ẹrù tó kù, òun ń gbé e lọ. Àwọn aláàárù gbé ẹrù, ó di téṣàn, Gàfárù ń tẹ̀lé wọn. Òyìnbó wọ ọkọ̀, Gàfárù náà wọ ọkọ̀, nítorí pé bí ó bá dúró sílẹ̀, wọ́n ti pínyà nìyẹn. Fèrè dún nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ ìdí ọpọ́n. Nígbà tí wọn yóò fi kọjá Gànmọ̀, ó ti dé orí etí ọpọ́n, ó ní ìpẹta wà lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń súnmọ́ Ọ̀fà, Òyìnbó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sí Danjuma.

"Ó ní kí ẹ mú un ní ṣílè méjì," Danjuma wí. "Ó ní kí ẹ ṣáà sọ̀kalẹ̀. Èyí tó kù nínú ohun tó sọ, mi ò lè túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó tó bàbá mi."

Gàfárù sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀fà pẹ̀lú ọpọ́n rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá a dúró pé kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Owó ọkọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju èrè tó jẹ lọ. Ó da ọpọ́n dé orí, ó fẹsẹ̀ rìn padà wá sí Ìlọrin. Òjò pa gbogbo èrò ọ̀nà lọ́jọ́ náà, kò pa Gàfárù. Nígbà tí Asabe ìyàwó rẹ̀ bi í pé èló ni ọpọ́n yìí wá jẹ́ nígbẹ̀yìn, ó ní: "Ṣílè méjì. Ti owó ọkọ̀ yẹn, ọ̀tọ̀ ni. Ìrìn àjò ni mo lọ."

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ahun ni Gàfárù olóògbé. Ahun kì í fẹ́ rí àlejò, ilé Gàfárù sì rèé, àlejò kì í wọ́n níbẹ̀, wọn kì í sì í lọ láìjẹun. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni ó ń ṣe. Òun ni ó ń kọ ọnà sí ọrùn àti àyà agbádá àwọn ọlọ́lá, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, owó sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n ó ní ìgbàgbọ́ kan tí kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ lọ́kàn rẹ̀, pé ohun tuntun kò tíì fi ìwà rẹ̀ han ẹnikẹ́ni, àlòkù ni ó ti jẹ́ kí á mọ òun. Ó ní àga tí yóò bá ya, kí ó ti ya mọ́ ẹni àkọ́kọ́ nídìí.

Nítorí náà, kò sí ohun kan nínú ilé náà tí kò gbé ilé ẹlòmíràn rí. Búútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, ọmọrí rẹ̀ kì í ṣe ti búútà náà. Ilẹ̀kùn wọn wá láti ilé kan tó wó ní Àdẹ̀tà, ó sì kúrú ju ẹnu ọ̀nà lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ fi ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé láìtẹ orí ba. Asabe fara dà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ tí ó sú u, ó ké mọ́ ọkọ rẹ̀ pé: "Bàbá Salimat, èmi nìkan ni ohun tuntun tó wọ inú ilé yìí láti ìgbà tí ẹ ti kọ́ ọ!"

"Òótọ́ ni," Gàfárù dá a lóhùn. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń san owó rẹ títí di òní."

Ẹ lè fẹ́ mọ ibi tí ó ti rí òfin a-kò-tíì-pínyà yìí. Nínú oṣù ààwẹ̀ ni, níbi tàfùsíírù Alfa Yàhàyá, ìyẹn ìtumọ̀ Àlùkùránì. Ọ̀rọ̀ ọjà ni Alfa ń sọ lọ́jọ́ náà, ó sì wí pé a gbọ́ ọ pé ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ní àǹfààní láti yí ọkàn padà níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì pínyà. Bí Gàfárù ṣe gbọ́ èyí, ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì gba ọjà lọ. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ìyókù ni pé ní ojú ọ̀nà Ìmáàmù Málíkì, tí àwa ará Ìlọrin ń tọ̀, bí ẹnu àwọn méjèèjì bá ti kò lórí ọjà, ọjà ti parí, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀ di ọ̀la.

Nígbà tí ìròyìn Ọ̀fà kan Alfa lára, ó ránṣẹ́ pè é.

"Gàfárù, o jẹ́ kí ojú tì mí. O gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, o gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin. Ṣé o mọ ohun tí mo sọ lẹ́yìn tí o jáde?"

"Rárá, Alfa."

"Mo sọ pé a kì í lo èyí tí o gbọ́ yẹn ní ọ̀dọ̀ wa!"

Gàfárù dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Alfa, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ fi máa sọ ìyẹn, èmi àti ẹ̀yin ti pínyà. Èyí tí mo gbọ́ kí n tó jáde ni tèmi." Alfa Yàhàyá wò ó, ó ní kí ó máa lọ, ó sì wọlé lọ rẹ́rìn-ín níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i.

Láwàl tí ó ń ta àlòkù ní Ọjà Ọba ni ó mọ òfin náà jù, nítorí pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó. Lẹ́yìn ogun tí àwọn sójà wa lọ jà ní Kàmẹ́rúùnù, Láwàl rí kóòtù sójà kan rà, ó gbé e kọ́. Gàfárù yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti ìka bọ inú ihò kan ní àyà rẹ̀.

"Láwàl, ihò wà níbí."

"Ọta ìbọn ló dá a, Bàbá Salimat. Kóòtù akọni ni."

"Akọni tí kò tètè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ṣé owó ihò wà nínú owó tí o pè yìí?"

"Gbogbo rẹ̀ ni mo pa pọ̀."

"Èmi kò ra ihò. Yọ owó ihò kúrò."

Inú bí Láwàl. "Ó dára! Ẹ mú kóòtù, kí ẹ fi ihò mi sílẹ̀ fún mi kí ẹ tó máa lọ!"

Gàfárù ní kí ó fún òun láyè díẹ̀. Ó san owó kóòtù láìka ti ihò, ó gbé e lọ sílé, ó fi òwú kọ ọnà sí ojú ihò, ó kọ irú rẹ̀ sí òdìkejì àyà, ó wá dà bíi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rán an láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó gbé e padà wá sọ́jà. "Láwàl, wá ihò rẹ kí o mú un." Láwàl wá a títí, kò rí i. Ó wo ọnà náà, ó wò ó, ó sì bẹ Gàfárù pé kí ó tà á padà fún òun. Gàfárù jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó pe owó. Ọjọ́ náà ni Láwàl mọ ohun tí ojú olùrà ń rí.

Gbogbo èyí, ẹ̀rín ni fún wa. Kì í ṣe ẹ̀rín fún Salimat.

Salimat nìkan ni ọmọ tó yè fún Gàfárù àti Asabe. Ní àkókò tí mo ń sọ yìí, Àbdùlkàrímù, ọmọ agboolé àwọn alfa kan ní Àdẹ̀tà, fẹ́ gbé e níyàwó, ọjọ́ sì ti súnmọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Wọ́n á to àwo tánganran ìyàwó lé ara wọn, wọ́n á rù ú káàkiri ìgboro lọ sí ilé ọkọ. Bí ó bá débẹ̀, àwọn obìnrin ilé á gbé e kalẹ̀, wọ́n á dojú àwo kọ̀ọ̀kan délẹ̀, wọ́n á fi èékánná kàn án. Bí wọ́n bá rí àpá ìlò lára rẹ̀, orin ni wọ́n á fi kọ, ìyàwó náà á sì máa gbọ́ orin yẹn títí yóò fi di ìyá àgbà.

Salimat kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ayé ni kí ẹ rà ní àlòkù, mi ò ní sọ̀rọ̀. Àwo mi nìkan ni mo fẹ́ ní tuntun. Bí wọ́n bá fi mí kọrin, èmi ni mo máa bá wọn gbé, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ojú kò ní tì ọ́, ọmọ mi," ni Gàfárù wí.

Salimat mọ bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ pé ojú kò ní ti òun. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun níbẹ̀ rárá, ó sì lọ sunkún lẹ́yìn ilé.

Ìgbà náà, ogun àwọn Òyìnbó ti mú kí àwo tánganran gbówó lórí. Bí Gàfárù ti ń wádìí kiri ni ó gbọ́ nípa Hàjàrá, opó kan ní àdúgbò Gàmbàrí. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé Talatu ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sílé ọkọ ní ọdún tí àìsàn burúkú nì pa ènìyàn lẹ́yìn ogun, àìsàn náà sì mú un lọ. Àwo rẹ̀ wà ní iyàrá bí wọ́n ti tò ó, omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ nìkan ló kàn án rí. Àwọn kan ti lọ bèèrè, owó tí Hàjàrá pè fún wọn kò jẹ́ kí wọ́n padà wá. Gàfárù jókòó ro ọ̀rọ̀ náà. Àwo tí ó ti jẹ́ ti ẹlòmíràn rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì jẹun nínú rẹ̀! Ó dìde láti ibi tó jókòó sí, ó ní kí Asabe bu omi fún òun, ara òun yá.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Talatu," ni ó fi wọlé.

Obìnrin náà gbójú sókè. Láti ìgbà tí ọmọ ti kú ni àwọn aládùúgbò ti ṣíwọ́ pípè é bẹ́ẹ̀, wọn kò fẹ́ kàn án lójú egbò. Gàfárù kò mọ èyí.

"Àwo ni mo bá wá. Èló ni gbogbo rẹ̀?"

Hàjàrá pe owó tí a fi ń ra ẹṣin.

Gàfárù mi orí bí ẹni pé owó gidi ni. "Kò burú. Ẹṣin náà ńkọ́, ṣé ó wà nínú rẹ̀?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Hàjàrá kí ó tó mọ̀. Ó ní kí ó wọlé wá wò ó. Gàfárù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe é: ó gbé àwo sókè sí oòrùn, ó fi ìka tọ ẹnu rẹ̀ yípo. "Àmì kan wà lára èyí. Ẹ wò ó."

"Talatu ni," Hàjàrá wí. "Ìgbàkigbà tí ó bá ń ka àwo rẹ̀, èyí ló kọ́kọ́ máa ń gbé. Ó fi sọlẹ̀ níjọ́ kan, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Gàfárù rọra gbé àwo náà kalẹ̀. Àbùkù nìyẹn, àbùkù gidi tó lè bọ́ owó lulẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun lórí rẹ̀. Ó jókòó, ó bèèrè irú ọmọ tí Talatu jẹ́. Hàjàrá sọ fún un. Nígbà tí ó fi máa dìde, wọn kò dárúkọ owó mọ́, ó sì ní òun á padà wá lọ́la nítorí pé ọjà kò tíì parí.

Ó padà lọ lọ́la, àti lọ́túnla. Gbogbo ìgbà tí ó bá dé, Hàjàrá ni yóò kọ́kọ́ bi í pé, "Níbo la bá a dé lánàá?" Gàfárù á ní, "Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ẹṣin kúrò." Hàjàrá á ní, "Rárá o. Ẹṣin ṣì wà níbẹ̀, mo tilẹ̀ ti fi gàárì kún un." Wọ́n á wá máa jà lórí ọmọrí àwo kan, láti ibẹ̀ wọ́n á dé orí bí Talatu ṣe máa ń kọrin tí ohùn rẹ̀ kì í bá ti àwọn yòókù mu, àti bí ó ṣe máa ń da ata sí ọbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè ata. Gàfárù náà á sọ ti Salimat. Owó kò wálẹ̀ rárá. Àgbàlagbà tó ń lọ ra ọjà tí owó rẹ̀ ń gòkè, tí inú rẹ̀ sì ń dùn bọ̀ wálé! Asabe bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Asabe di gèlè rẹ̀ le, ó tọ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn dé Gàmbàrí. Ó ti kó ọ̀rọ̀ sẹ́nu tí yóò sọ sí opó náà. Ó bá wọn níbi tí Gàfárù ti gbé ọmọrí àwo kan dání, tí ó ń búra pé òun kò rí ọmọrí tó nípọn tó báyìí rí, pé ó máa wọ àwo lọ́rùn. Asabe dúró, ó gbọ́ ọ títí. Lẹ́yìn náà, ó jókòó ti Hàjàrá.

"Ìyá Talatu," ó wí, "ẹ má dín in kù fún un. Mo mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá dúró lé e, ó máa san án." Láti ọjọ́ náà, obìnrin méjì ni Gàfárù ń bá ná ọjà, ìyàwó rẹ̀ ni ó sì le jù nínú wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí Salimat. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ fún un, wọn kò sì sọ ọ́ ní rere. Wọ́n ní ìyàwó tí ó bá gbé àwo ìyàwó tí kò dé ilé ọkọ, òun náà kò ní pẹ́ níbẹ̀. Salimat wá bá bàbá rẹ̀ níbi tí ó ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín fún tuntun. Àlòkù ni mo bẹ̀rù. Ẹ wá lọ bá mi ra ti òkú."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Gàfárù, kò wá a.

Salimat kò dúró de èsì. Ó mú ìborùn, ó gba Gàmbàrí lọ láti lọ sọ fún obìnrin náà pé kí ó pa àwo rẹ̀ mọ́. Hàjàrá ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ni Salimat. Bàbá rẹ ní o kì í lè pa òtítọ́ mọ́ sínú. Talatu náà bẹ́ẹ̀. Jókòó."

"Mi ò jókòó, Ìyá. Ẹ má bínú, mi ò lè gbé àwo yín."

"Má gbé e," Hàjàrá wí, ohùn rẹ̀ tutù. "Mi ò fẹ́ tà á tẹ́lẹ̀. Mo kàn ń fẹ́ kí bàbá rẹ máa wá ni. Gbogbo ẹni tó ń wá kí mi, wọ́n ń sá fún orúkọ ọmọ mi. Bàbá rẹ ló ń pè é. Nítorí owó ló ṣe kọ́kọ́ pè é, ṣùgbọ́n ó pè é."

Salimat wá jókòó. Ó wo àwọn àwo náà bí wọ́n ti ń dán nínú iyàrá tí kò ní ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ó ro ọmọbìnrin kan tí ó máa ń kà wọ́n. Ó na ọwọ́, ó gbé ọ̀kan, ó fi èékánná kàn án bí àwọn obìnrin Àdẹ̀tà yóò ti ṣe é. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ọmọ Gàfárù ló ń sọ̀rọ̀.

"Mo máa gbé e, ṣùgbọ́n mo ní ohun tí mo fẹ́. Mi ò ní gbé e bí ẹni ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú rẹ̀ láti Pàkátà dé Àdẹ̀tà. Ẹ̀yin lẹ máa dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò."

Hàjàrá nu ojú. "Bí mo bá ṣáájú ẹrù ìyàwó, ìyá ìyàwó ni mo jẹ́. Mi ò lè gba owó ẹrù lọ́wọ́ ọmọ mi. Sọ fún bàbá rẹ pé ọjà ti tán."

Báyìí ni ìjà tí Gàmbàrí kò tíì rí irú rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Gàfárù gbé owó wá ní ọjọ́ kejì, Hàjàrá kò gbà á.

"Ẹ gba ìdajì owó ẹṣin," Gàfárù wí.

"Mi ò gba nǹkan kan."

"Ọjà ni mo wá rà, mi ò wá tọrọ! Ẹ wo àwo yìí! Ẹ wo bí ó ti ń dán! Kò ní àbùkù kankan!"

"Àmì wà lára ọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ rí i."

"Àmì wo? Ọ̀ṣọ́ ni! Ó yẹ kí ẹ tún fi owó kún un nítorí rẹ̀! Ẹ fi kún un!"

Láwàl ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó gbọ́ Gàfárù A-kò-tíì-pínyà tó ń kígbe pé kí wọ́n fi owó kún ọjà fún òun. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn bóyá ibà ló ń ṣe é. Wọ́n fà á títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbẹ̀yìn, Hàjàrá gba tọ́rọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè jẹ́ kí òun sinmi. Gàfárù wọ ẹsẹ̀ wálé bí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. "Asabe," ó ní, "obìnrin yẹn rẹ́ mi jẹ." Asabe rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara rẹ̀ mú.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Hàjàrá ló ṣáájú, ó ru àwo tí ó lámì, àwọn yòókù tò tẹ̀lé e. Ní Àdẹ̀tà, àwọn obìnrin ilé gbé ẹrù kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dojú àwo délẹ̀. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn dé orí àwo náà, ó fi ìka tọ́ ibi tí àmì wà, ó sì gbójú sókè.

"Ìyàwó, tuntun ni èyí, àbí àlòkù?"

Gàfárù wà ní ìta láàárín àwọn ọkùnrin, kò sì sí ohun tí ó lè dá sí i.

"Ọmọ mi ló ni ín," Hàjàrá wí.

Àwọn obìnrin náà mọ̀ ọ́n. Kò sí agboolé tí kò mọ ẹni tí àìsàn ọdún yẹn mú lọ. Kò sí ẹni tó bi í pé èwo nínú ọmọ rẹ̀. Ìyá àgbà náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo náà dìde, ó gbé e sí òkè gbogbo àwọn yòókù. Orin tí wọ́n kọ ní Àdẹ̀tà lálẹ́ ọjọ́ náà, orin ẹ kú àbọ̀ ìyàwó ni.

Nígbà tí Salimat bí ọmọbìnrin, ó ní Talatu ni òun fẹ́ sọ ọ́. Alfa Yàhàyá tó wá sọmọ lórúkọ mi orí. "Orúkọ dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí ní Àtàláátà là ń pè ní Talatu. Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ bí èyí. Ṣé irọ́ lẹ fẹ́ kí n pa mọ́ ọmọ tuntun?"

Ojú Hàjàrá rẹ̀wẹ̀sì níbi tí ó jókòó sí. Gàfárù rí i. Ó sún síwájú lórí ẹní.

"Alfa, Jímọ̀ yẹn pọ̀ jù. Ẹ bá wa dín in kù."

"Ọjọ́ ni mo máa dín kù? Sí ibo?"

"Àtàláátà."

"Súbúhánà! Ká tilẹ̀ ní Alàmísì lẹ sọ, tó bá Jímọ̀ pààlà..."

Àwọn èèyàn ti bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá ti pe iye kan fún Gàfárù ti bọ́ sọ́jà nìyẹn. "Alàmísì, mo gbọ́," Gàfárù wí. "Ẹ ṣeun, Alfa, ẹ ti gbìyànjú. Kí ló wà láàárín Alàmísì àti Àlàrùbá? Oorun kan péré ni. Ẹ fún wa ní Àlàrùbá." Alfa Yàhàyá fi ọwọ́ agbádá bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ó yọjú, omi ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà, ó kọ́kọ́ wo Hàjàrá, ó sì pè é ní Talatu kí gbogbo ilé gbọ́.

Gàfárù kú ní ọdún tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ dáadáa. Àìsàn kékeré ni, kò pẹ́. Pàkátà dákẹ́ lọ́jọ́ náà ju bí a ti rò lọ. Láwàl kò pa àtẹ, ó ní ta ni òun fẹ́ pe owó fún. Ó dùn wá, ó ń dùn wá títí di ìsinsìnyí, nítorí pé ọjà ti wá ń yá ní Ọjà Ọba, kò sì dùn mọ́.

Talatu máa ń lọ sí Gàmbàrí lọ́dọ̀ Hàjàrá, ibẹ̀ ló sì ń gbé jù nínú ọ̀sẹ̀. Àwọn tí kò mọ ìtàn á rí i nídìí ìyá àgbà náà, wọ́n á bi í bí a ti ń bi ọmọdé pé, "Talatu, ṣé ọjọ́ Àtàláátà ni wọ́n bí ọ?"

Ọmọ náà á ní, "Rárá. Bàbá mi àgbà ló bá mi ná an."

Hàjàrá á rẹ́rìn-ín títí, á sì fa Talatu mọ́ra.